Ìbọn Kọ́ Ló Gbé Ẹran Délé: Ìrìnàjò Awọ Ẹran Láti Mombasa Dé Washington

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé." Bí a bá gbọ́ "àwá dé" lẹ́nu ẹnìkan ṣoṣo, ó yẹ kí a bèèrè àwọn tí ó kù. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a fi ka ìtàn kan tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìtàn náà ni ti Theodore Roosevelt, ẹni tí ó ti ṣe ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó lọ ṣọdẹ ní ìlà-oòrùn Áfíríkà láti 1909 sí 1910. Awọ, agbárí àti egungun ẹran tí wọ́n pa níbẹ̀ gba orí ènìyàn, wọ́n gba ojú irin, wọ́n gba ojú òkun, kí wọ́n tó dé ìlú Washington. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó ti ròyìn ìbọn tí Roosevelt yìn. Díẹ̀ ni ó ròyìn iyọ̀, orí alárù àti bébà. Bẹ́ẹ̀ bí a bá wò ó dáadáa, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ó gbé ẹran náà délé. Ìbọn pa á ni. Kò gbé e.

Kí ni ohun ìrántí ọdẹ?

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń sọ. Ohun tí mo pè ní ohun ìrántí ọdẹ ni ẹ̀yà ara ẹran tí ọdẹ kò jẹ, tí kò sì tà, tí ó tọ́jú kí ojú lè máa rí i. Ó lè jẹ́ ìwo, eyín, agbárí tàbí awọ. Ó sì lè jẹ́ odindi ẹran tí a gbé awọ rẹ̀ ró, tí yóò dúró bí ẹni pé ó ṣì wà láàyè.

Irú nǹkan báyìí kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Agbárí ẹran kì í wọ́n ní ilé ògbójú ọdẹ, ìrùkẹ̀rẹ̀ sì wà lára ohun tí a fi ń dá ọdẹ mọ̀ láwùjọ. Ṣùgbọ́n igbó tí ọdẹ ilẹ̀ wa ti ń pa ẹran kò jìnnà púpọ̀ sí ààrò tí yóò ti yan án. Àwọn tí ó bá a gbé ẹran náà wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń pín in, gbogbo àdúgbò sì mọ̀ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ fún ọdẹ tí ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì òkun. Ní ìdajì kejì ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Amẹ́ríkà ń rọ́ wá sí Áfíríkà àti Íńdíà láti ṣọdẹ fún afẹ́. Ẹran pípa kò le fún wọn tó bẹ́ẹ̀, nítorí ìbọn wọn dára. Ohun tí ó le ni bí ẹran náà yóò ṣe dé ilé láìjẹrà. Nínú ooru ilẹ̀ wọ̀nyí, ọjọ́ kan péré tó fún awọ tútù láti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Bí ó bá ti bàjẹ́, irun rẹ̀ yóò máa re, kò sì sí oníṣẹ́ ọnà tí ó lè dá a padà mọ́.

Láti inú ìṣòro yìí ni òwò ńlá ti dìde. Ní òpópónà Piccadilly ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀gbẹ́ni Rowland Ward ní ilé iṣẹ́ tí ń gba awọ ẹran láti gbogbo ayé, tí ó sì ń gbé e ró. Ní 1880 ó tẹ ìwé kan jáde tí ó ń kọ́ àwọn ọdẹ bí wọn yóò ṣe tọ́jú awọ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ní 1892 ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ òmíràn, tí ó to ìwọ̀n ìwo àti eyín ẹran lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ni ín. Ẹ kíyè sí i: orúkọ ẹni tí ó ni ín ni ó wà níbẹ̀. Ìwé náà kò ní àyè fún orúkọ ẹni tí ó bó awọ náà tàbí ẹni tí ó rù ú.

Àjò Roosevelt

Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹta, 1909 ni Roosevelt fi ipò ààrẹ sílẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà, ó wọ ọkọ̀ òkun tí ń jẹ́ Hamburg, ó di Naples ní ilẹ̀ Ítálì. Níbẹ̀ ni ó ti bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn ará Jámánì mìíràn tí ń jẹ́ Admiral. Ọkọ̀ yìí gba ojú omi Suez àti Òkun Pupa, ó sì gúnlẹ̀ sí Mombasa ní ọjọ́ 21, oṣù kẹrin. Kermit ọmọ rẹ̀, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, wà pẹ̀lú rẹ̀.

Àjò yìí kì í ṣe ti afẹ́ lásán. Ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ Smithsonian ní Washington ń kọ́ mùsíọ́mù tuntun lọ́wọ́, wọ́n sì fẹ́ ẹran ilẹ̀ Áfíríkà tí wọn yóò fi kún un. Wọ́n yan onímọ̀ mẹ́ta tẹ̀lé e. Edgar Mearns, dókítà ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni ó ń bójú tó ẹyẹ. Edmund Heller àti J. Alden Loring ni ó ń bójú tó ẹran. Olówó nì, Andrew Carnegie, wà lára àwọn tí ó fi owó ṣe ìrànlọ́wọ́. Roosevelt fúnra rẹ̀ gba $50,000 lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé Scribner fún ìròyìn àjò náà, tí ó padà di ìwé African Game Trails ní 1910.

Àjò náà parí sí Khartoum ní ilẹ̀ Sùdáànì ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, 1910. Ọjọ́ kẹta sí i, ní ọjọ́ 17, mùsíọ́mù tuntun náà ṣílẹ̀kùn fún ará ìlú ní Washington. Iye ẹ̀dá tí wọ́n kó jọ, láti orí eku dé orí erin, tó nǹkan bí 11,400. Nínú rẹ̀, ẹran ńlá tí Roosevelt àti ọmọ rẹ̀ fi ìbọn pa jẹ́ 512: bàbá pa 296, ọmọ pa 216. Kìnnìún nìkan jẹ́ 17, erin sì jẹ́ 11. Roosevelt kọ gbogbo iye yìí sílẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó ní òun àti ọmọ òun kò mú ju nǹkan bí méjìlá lọ fún ara àwọn. Gbogbo èyí tí ó kù, bí kò bá lọ sí mùsíọ́mù, ó di oúnjẹ àwọn ènìyàn inú àgọ́. Ó tún wí pé ẹni tí ó bá fẹ́ dá òun lẹ́bi gbọ́dọ̀ dá gbogbo mùsíọ́mù ẹran lẹ́bi pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀, a ó sì padà sí i.

Iyọ̀

Kí wọ́n tó yin ìbọn kan ṣoṣo, iyọ̀ ti wà nílẹ̀. Tọ́ọ̀nù mẹ́rin iyọ̀ ni wọ́n kó dání. Kì í ṣe fún ọbẹ̀. Awọ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Iṣẹ́ náà lọ báyìí. Bí ẹran ńlá bá ti ṣubú, wọn yóò kọ́kọ́ wọn gígùn àti gíga rẹ̀, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí awọ tí a ti bó kì í sọ bí ẹran ṣe rí nígbà tí ó wà láàyè. Lẹ́yìn èyí ni àwọn abẹ́ran yóò bó awọ náà. Wọn yóò rọra yọ ọ́ ní etí, ní ètè, ní ìpéǹpéjú àti ní pátákò, nítorí níbẹ̀ ni ìjẹrà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò ha gbogbo ọ̀rá àti ẹran tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn kúrò. Wọn yóò wá fi iyọ̀ ra inú awọ náà láìfi ibì kan sílẹ̀. Iyọ̀ yóò fa omi jáde lára awọ. Bí omi bá ti jáde tán, wọn yóò sá a sí ibòji, kì í ṣe sínú oòrùn gan-an, nítorí oòrùn yóò mú kí ó gan kí ó sì fọ́. Agbárí ní tirẹ̀, wọn yóò sè é, wọn yóò sì ha á títí yóò fi funfun.

Erin le ju gbogbo wọn lọ. Awọ rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí iyọ̀ kò lè wọ inú rẹ̀ já. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ní láti jókòó yí awọ kan ká pẹ̀lú ọ̀bẹ, kí wọ́n máa fá a láti inú títí yóò fi fẹ́lẹ́. Iṣẹ́ ọjọ́ kan kọ́ ni. Ẹ̀dá kékeré bí eku àti ẹyẹ ní ìtọ́jú tiwọn: ní ayé ìgbà náà, èròjà ásẹ́níìkì, tí í ṣe májèlé, ni àwọn onímọ̀ ń fi pa inú awọ wọn kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, òwú ni wọ́n sì ń kì sí i nínú. Lára ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n so bébà kékeré mọ́, tí ó sọ ibi tí a ti rí i àti ọjọ́ tí a pa á. Láìsí bébà yẹn, awọ kò wúlò fún onímọ̀, ó kàn jẹ́ ẹwà ògiri.

Orí alárù

Iyọ̀ kò ní ẹsẹ̀. Nílẹ̀ tí kò sí ọ̀nà mọ́tò, tí eṣinṣin olóró sì ń pa ẹṣin àti màlúù ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, orí ènìyàn ni ọkọ̀ ẹrù. Àwọn alárù àti àwọn afọ̀nàhàn tí ó tẹ̀lé Roosevelt tó 250. Ìwọ̀n ẹrù tí alárù kan ń rù ní ilẹ̀ náà jẹ́ nǹkan bí kìlógíráàmù 27. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe ìṣirò rẹ̀: bí a bá pín tọ́ọ̀nù mẹ́rin iyọ̀ sí ẹrù 27, yóò tó nǹkan bí ẹrù 150. Iyọ̀ nìkan nìyẹn. A kò tíì ka àgọ́, oúnjẹ, ọta ìbọn, pańpẹ́ àwọn onímọ̀, àti àwọn ìwé tí Roosevelt ń kà lábẹ́ igi. Bí wọ́n bá sì ti lo iyọ̀ tán, ẹrù kò fúyẹ́, nítorí awọ àti egungun ni yóò gba ipò rẹ̀ ní àbọ̀.

Ta ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí? Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí a ń pè ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tàǹsáníà lónìí. Èdè Sùwàhílì ni ó so wọ́n pọ̀, láti inú rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà "safari", tí í ṣe ìrìnàjò, ti wọ inú èdè gbogbo ayé. Àwọn kan ń rù ẹrù, àwọn kan ń gbé ìbọn tẹ̀lé ọdẹ, àwọn kan ń bó awọ. Ẹni tí ń gbé ìbọn kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lásán. Òun ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ rí ẹran, òun ni ó ń ka ipa ẹsẹ̀ lórí koríko, òun ni ó sì ń dúró lẹ́yìn ọdẹ nígbà tí kìnnìún bá kọjú sí wọn. Roosevelt yìn wọ́n nínú ìwé rẹ̀, kò sì yẹ kí a fi èyí dù ú. Ó dárúkọ àwọn bíi Bakari àti Kongoni. Ṣùgbọ́n orúkọ kọ̀ọ̀kan péré ni. A kò rí orúkọ bàbá wọn, a kò rí ìlú wọn. Àwọn alárù ńkọ́? Iye lásán ni wọ́n jẹ́.

Yorùbá ní àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, ara rẹ̀ ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nínú ìtàn àwọn ọdẹ òkèèrè, òwe yìí kò ṣẹ. Wọ́n jẹ orúkọ tán, ẹlòmíràn ni ó ru igbá.

Ojú irin tí kìnnìún ti jẹ ènìyàn

Láti inú igbó, ẹrù dé ojú irin. Rélùwéè Ùgáńdà, tí ó gbéra láti Mombasa, dé etí adágún Victoria ní 1901. Òun ni ó sọ Nairobi di ìlú, tí ó sì sọ ibẹ̀ di ibùdó àwọn ọdẹ òkèèrè. Láti Nairobi sí etí òkun tó kìlómítà 500. Ìrìn tí ìbá gba alárù ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan di ti ọjọ́ kan àti oru rẹ̀.

Ojú irin yìí ní ohun ìrántí ọdẹ tirẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ lórí ọ̀rọ̀ wa. Ní 1898, nígbà tí wọ́n ń ṣe afárá lórí odò Tsavo, kìnnìún méjì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àgọ́ lóru, wọ́n ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ jẹ. Púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ni a kó wá láti Íńdíà. J. H. Patterson, ọ̀gá tí ó ń bójú tó afárá náà, pa kìnnìún méjèèjì ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ó kó awọ wọn lọ sílé, ó sì sọ wọ́n di ẹní ìtẹ́lẹ̀. Fún nǹkan bí ọdún 25 ni ẹsẹ̀ ènìyàn fi ń tẹ̀ wọ́n. Ní 1924 ni ó tà wọ́n fún Field Museum ní Chicago ní $5,000. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ ọnà yóò gbé wọn ró, awọ ti gbó, wọ́n sì ti gé e kù. Ìdí nìyí tí àwọn kìnnìún tí a ń wò níbẹ̀ fi kéré ju bí wọ́n ṣe rí láàyè lọ.

Ṣùgbọ́n agbárí wọn dé pẹ̀lú awọ náà. Patterson ti wí pé ènìyàn 135 ni wọ́n pa. Ní 1909 kò sẹ́ni tí ó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 2009, àwọn onímọ̀ yẹ irun àti egungun kìnnìún náà wò láti mọ irú oúnjẹ tí wọ́n jẹ, wọ́n sì rí i pé iye ènìyàn náà lè tó nǹkan bí 35. Ẹ wo bí ohun tí a tọ́jú ṣe lè tú irọ́ tàbí àsọdùn fó lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún. Èyí ni ohun tí Roosevelt ní lọ́kàn nígbà tí ó gbèjà mùsíọ́mù, kò sì ṣìnà níbẹ̀. Síbẹ̀, nínú ìtàn tí ayé ń sọ nípa Tsavo, gbogbo ènìyàn mọ orúkọ Patterson. Àwọn tí kìnnìún jẹ di iye tí a ń jiyàn lé lórí.

Ojú òkun títí dé inú gíláàsì

Ní Mombasa, òkun ni ó kù. Awọ tí a ti fi iyọ̀ sí kò gbọdọ̀ rí omi mọ́. Bí ọ̀rinrin bá wọ inú àpótí nínú ikùn ọkọ̀, iyọ̀ yóò yọ́, awọ yóò sì jẹrà kí ó tó gúnlẹ̀. Kòkòrò pàápàá lè jẹ àpótí kan tán láìsí ẹni tí ó mọ̀. Roosevelt fúnra rẹ̀ lo nǹkan bí oṣù kan kí ó tó ti New York dé Mombasa. Ẹrù kò lè yá ju ènìyàn lọ.

Bí àwọn àpótí ti dé Washington, iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ní láti rẹ awọ náà kí ó rọ̀, kí wọ́n fi oògùn ṣe é, kí wọ́n mọ ara ẹran pẹ̀lú igi, irin àti amọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí a kọ sílẹ̀ nínú igbó, kí wọ́n tó gbé awọ wọ̀ ọ́. Ẹran pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó gba ọ̀pọ̀ ọdún. Smithsonian pín lára èyí tí ó ní ẹlẹ́gbẹ́ fún àwọn mùsíọ́mù mìíràn.

Bébà

Ẹ̀yà kẹta tí ó gbé ẹran délé ni ìwé àṣẹ. Àwọn kan rò pé ayé òde òní ni òfin ọdẹ bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ọjọ́ 19, oṣù karùn-ún, 1900, àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù tí ó pín Áfíríkà láàrin ara wọn pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn lórí ìdáàbòbò ẹran inú igbó ilẹ̀ Áfíríkà. Kò sí ọmọ Áfíríkà kan tí ó fọwọ́ sí i. Àdéhùn náà kò di òfin, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ni ó padà tẹ̀ ẹ́ lórí ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n èrò inú rẹ̀ wọ inú òfin àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso.

Ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé ẹni tí ó ní owó láti ra ìwé àṣẹ di ọdẹ, ẹni tí kò ní di olè. Àwọn ará Kámbà ní Kẹ́ńyà ti ń fi ọfà olóró pa erin láti ìgbà ìwáṣẹ̀.  Lábẹ́ òfin titun, irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Igbó kan náà, ẹran kan náà. Bébà ni ó fi ìyàtọ̀ sáàrin ọdẹ àti ọ̀daràn.

Bébà òde òní ní agbára ju ti ìgbà náà lọ. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹta, 1973, ní Washington kan náà tí awọ ẹran Roosevelt lọ, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn lórí òwò àwọn ẹ̀dá inú igbó tí ewu àkúrun wà lórí wọn, èyí tí a mọ̀ sí CITES. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1, oṣù keje, 1975. Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, nítorí pé ó ti tẹ̀ ẹ́ lórí ilẹ̀ ní 1974. Níbi tí ó yàtọ̀ sí ti 1900 nìyí: ní ti 1973, àwọn ilẹ̀ Áfíríkà wà níbi tábìlì.

Àdéhùn yìí pín àwọn ẹ̀dá sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Bí ẹran bá wà ní ọ̀wọ́ kìn-ín-ní, níbi tí ewu ti pọ̀ jù, ìwé àṣẹ méjì ni ẹni tí ó fẹ́ gbé e lọ sílé nílò: ọ̀kan láti orílẹ̀-èdè tí ẹran ti ń jáde, èkejì láti ibi tí ó ń lọ. Ó tún ku ìwé dókítà ẹran tí ó fi hàn pé awọ náà kò gbé àrùn, àti àpótí tí a fi ooru pa kòkòrò inú pákó rẹ̀. Bí ìwé kan bá dín, àwọn aṣọ́bodè lè gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú kọ ẹrù

Ní ayé Roosevelt, kò sí ọkọ̀ òkun tí yóò kọ awọ kìnnìún. Ní 2015, ayé rí i pé ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ní oṣù keje ọdún náà, ọdẹ kan láti Amẹ́ríkà pa kìnnìún kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Cecil, nítòsí ọgbà ẹran Hwange ní Sìǹbábúwè. Ariwo sọ káàkiri ayé. Ní oṣù kẹjọ, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ńlá mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Delta, American àti United, kéde pé àwọn kò ní gbé ohun ìrántí ọdẹ tí ó jẹ́ ti kìnnìún, àmọ̀tẹ́kùn, erin, àgbáǹréré àti ẹfọ̀n mọ́. Òfin ilẹ̀ kò tíì yí padà nígbà náà; ọ̀nà ilé ni ó dí.

Láti ìgbà náà, àríyànjiyàn kò tíì tán. Kẹ́ńyà ti fòfin de irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ pátápátá láti 1977. Bòtìsúwánà fòfin dè é ní 2014, ó sì tún gbà á láyè ní 2019. Bẹ́ljíọ̀mù ní tirẹ̀ ṣòfin ní 2024 láti dí ẹnubodè mọ́ ohun ìrántí ọdẹ láti ara àwọn ẹran tí ewu wà lórí wọn. Àwọn tí ó fara mọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ẹran kò yẹ ní pípa nítorí fọ́rífọ́rí ògiri. Àwọn ìjọba bíi Nàmíbíà àti Bòtìsúwánà ní owó àwọn ọdẹ òkèèrè ni àwọn fi ń ṣọ́ igbó, àti pé àwọn ará abúlé tí erin ń jẹ oko wọn ní ẹ̀tọ́ sí èrè kan. Ní 2024, ààrẹ Bòtìsúwánà ìgbà náà bínú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wí pé òun yóò fi 20,000 erin ránṣẹ́ sí Jámánì kí àwọn náà lè mọ bí ó ti rí láti bá wọn gbé.

Èmi kò ní dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni pé ohùn ẹni tí ń gbé nítòsí ẹran ṣì ń rẹlẹ̀ ju ti ẹni tí ń pa á àti ti ẹni tí ń sunkún rẹ̀ láti òkèèrè. Bí ó ti rí ní 1909 nìyẹn.

Ohun tí ó kù

Ní oṣù kìn-ín-ní 1910, Roosevelt àti ọmọ rẹ̀ wà ní agbègbè Lado, ní ẹ̀bá odò Náílì, lórí ilẹ̀ tí ọba ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ti ń ṣàkóso rẹ̀. Àgbáǹréré funfun ti ìhà àríwá ni wọ́n wá. Ọdún méjì péré ṣáájú, ní 1908, ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún irú ẹ̀yà yìí ní orúkọ tirẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ Roosevelt, mẹ́sàn-án ni wọ́n pa: òun márùn-ún, ọmọ rẹ̀ mẹ́rin. Awọ àti egungun wọn bá ẹrù yòókù lọ sí Washington.

Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹta, 2018, akọ ìkẹyìn nínú irú àgbáǹréré yìí, tí wọ́n ń pè ní Sudan, kú sí ọgbà Ol Pejeta ní Kẹ́ńyà. Abo méjì péré ni ó ṣẹ́kù láyé lẹ́yìn rẹ̀, ìyá àti ọmọ. Kì í ṣe mẹ́sàn-án tí Roosevelt pa ni ó run wọ́n. Àwọn tí ń pa wọ́n nítorí ìwo, àti ogun tí kò dáwọ́ dúró ní agbègbè náà, ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: awọ tí iyọ̀ tọ́jú ti pẹ́ láyé ju ìran tí ó ni awọ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bí àgbáǹréré ìhà àríwá ṣe rí nínú igbó tirẹ̀ ní 1910 yóò ní láti lọ bèèrè lọ́wọ́ egungun tí àwọn alárù rù jáde láti Lado.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn irú yìí, kí á má fi wọ́n sílẹ̀ síbi ìbọn. Kí á kọ́ wọn láti bèèrè ìbéèrè mẹ́ta níwájú ohun ìrántí ọdẹ èyíkéyìí, ì báà wà ní mùsíọ́mù tàbí nínú àwòrán ìwé: Ta ni ó pa á? Ta ni ó rù ú? Ta ni ó fọwọ́ sí i kí ó jáde? Ìdáhùn sí ìbéèrè kìn-ín-ní sábà máa ń wà lára gíláàsì. Méjì tí ó kù ni iṣẹ́ òpìtàn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ní tiyín, bí ẹnìkan bá dé láti ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ẹrù ńlá, tí ó wí fún yín pé "àwá dé", ẹ kí i kú àbọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í léèrè pé: ẹ̀yin àti ta ni?